Bí Ìjì Bá Dé Bá Wa Lókè, Ẹ Bá Wa Sọ Èdè Tó Yé Wa

Ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá dá bàálù dúró ní orílẹ̀-èdè yìí. Èkíní, ẹnìkan yóò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, yóò sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan tí "wẹ́dà" wà nínú rẹ̀, yóò sì pa ẹ̀rọ náà. Èkejì, àwọn èrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú òṣìṣẹ́ tó bá sún mọ́ wọn jù. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹgbẹ́ mi lọ ní olè àti òpùrọ́ nítorí pé àrá ń sán. Èrò tèmi ni pé èébú yìí kò lè tán àfi bí wọ́n bá tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá èrò sọ ṣe, àti pé àwa tí à ń kọ́ nípa èdè ní ẹ̀ka yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ pariwo rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu gààrí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bàálù? Ẹ̀rù ajínigbé ló gbé wa débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni mo ti wọ bàálù, kò sì sí èyí tí mo fi owó ara mi san nínú rẹ̀. Àǹtí mi tó ń gbé ní Àbújá ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ó ti búra pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kò ní gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà mọ́ níṣojú òun.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo fẹ́ sọ. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni, a gbéra ní Àbújá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, à ń lọ sí Èkó. Ìrìn bíi wákàtí kan ni. Màmá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi wà láàárín, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù jókòó sápá ọ̀tún mi. Màmá ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó fún oṣù mẹ́ta, ó wá ń padà sídìí ọjà rẹ̀ ní Múṣín. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi kí bàálù tó kúrò nílẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà ní Àbújá.

Nígbà tó ku bí ogún ìṣẹ́jú ká débẹ̀, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò. Ó gbọ̀n, ó jó, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ èèyàn bá tàsé àtẹ̀gùn lókùnkùn. Ìkuukùu dúdú bo fèrèsé, mànàmáná sì ń kọ yànrànyànràn, kì í ṣe lókè wa bí a ṣe máa ń rí i nílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wa gan-an ló wà. Màmá gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kòtò wà lójú ọ̀run náà ni?"

Ìgbà náà ni awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ìjì wà lórí pápákọ̀ Ìkẹjà, pé wọ́n ti ní ká máa yí po níbi tí kò sí ìjì, pé epo wà, pé bí kò bá dá láìpẹ́ a ó padà sí Àbújá. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ó yára, ohùn rẹ̀ sì ń há bíi ti rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, "fúẹ̀lì" nìkan ni Màmá dá mọ̀. Fúẹ̀lì! Ó ti dá a lójú pé epo ti tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní òjò ńlá ń rọ̀ ní Èkó, ká dúró níta kó rọ̀ tán. Epo pọ̀ nínú ọkọ̀. Bí kò bá dá, a máa padà síbi tí a ti ń bọ̀." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyẹn? Kí ló wá dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Bàálù kò yé gbọ̀n, ṣùgbọ́n Màmá yé pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́yìn wa náà ti na ọrùn síwájú láti gbọ́.

A gbìyànjú láti balẹ̀. Mo ti ń rí òrùlé páànù nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ké ramúramù, imú bàálù kọjú sókè, a tún wọnú ìkuukùu padà. Ariwo ta. Ẹni tó ń pe Jésù ń pè é, ẹni tó ń pe Ọlọ́hun ń pè é, ọkùnrin oníkóòtù tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù. Fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wa. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé à ń padà sí Àbújá.

Nígbà tí a balẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èébú fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní awakọ̀ náà kò mọṣẹ́. Wọ́n ní bàálù ilé-iṣẹ́ mìíràn ti balẹ̀ ní Èkó ní àkókò kan náà. Oníkóòtù ní ìpàdé òun ti bàjẹ́, kí wọ́n gbé òun dé Èkó lálẹ́ ọjọ́ yẹn dandan, òjò ni o, ìjì ni o.

Dandan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí nígbà tí bàálù kò padà lẹ́yìn ìjì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso kan gbé èèyàn 110 láti Àbújá lọ sí Port Harcourt. Òjò àti ìjì wà ní pápákọ̀ níbẹ̀. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní Nàìjíríà sọ pé awakọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ, ó kọjá ibi tó yẹ kó ti gòkè padà, láì tíì rí ojú ọ̀nà tó fẹ́ balẹ̀ sí. Èèyàn méjì péré ló yè é. Ọgọ́ta nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College tí wọ́n ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Pásítọ̀ Bímbọ̀ Ọdúkọ̀yà, tí àwọn ìyá wa máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, wà nínú rẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó. Èèyàn 105 ló gbé, 9 ló yè. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Ìwádìí sọ ọ́ gbangba pé awakọ̀ mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára kó tó gbéra.

N kò sọ pé èrò ló fipá mú àwọn awakọ̀ méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí oníkóòtù ń bèèrè ní pápákọ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2005 àti 2006, kò sì mọ̀ pé òun ló ń bèèrè.

Jìgìjìgì tó ń pá wa láyà kọ́ ló sábà máa ń já bàálù. Wọ́n máa ń dán apá bàálù wò pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po kan ààbọ̀ èyí tó le jù tí wọ́n rò pé yóò bá pàdé. Mànàmáná pàápàá, ara bàálù níta ló sábà máa ń gbà kọjá lọ. Èyí tó léwu wà nítòsí ilẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń dà wálẹ̀ látinú ìkuukùu òjò. Ẹ da omi korobá kan sórí sìmẹ́ńtì, ẹ wo bó ṣe ń fọ́n káàkiri. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ náà ń ṣe. Bàálù tó bá kó sínú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pàdé afẹ́fẹ́ níwájú, tí yóò gbé e sókè. Lẹ́yìn náà èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà èyí tó ń fẹ́ látẹ̀yìn, tí yóò gba agbára lọ́wọ́ apá rẹ̀ nígbà tí kò sáyè mọ́ láti gòkè. Tetsuya Fujita, ará Japan tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló tú àṣírí rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá bàálù Eastern kan ní New York ní ọdún 1975. (Mo ka èyí títí ilẹ̀ fi ń mọ́ lóru ọjọ́ tí a padà sí Àbújá. Oorun kò kúkú wá.)

Ẹ wá wò ó. Yíyí tí a yí po, gígòkè tí a tún gòkè, pípadà tí a padà: ohun mẹ́ta tó dẹ́rù bà wá jù lọ lọ́jọ́ náà, àwọn gan-an ni wọ́n ń yọ wá nínú ewu. Òfin tilẹ̀ sọ pé epo tó máa gbé bàálù dé pápákọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí èyí tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì tún ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn. Èrò mélòó nínú ọkọ̀ yẹn ló mọ èyí?

Ilé-iṣẹ́ bàálù kọ́ ni mò ń gbèjà o. Àwọn ló kọ́ wa láti má gbàgbọ́. Mo ti jókòó fún wákàtí mẹ́ta rí ní pápákọ̀, nínú oòrùn tó lè sun iṣu, tí wọ́n ń sọ pé wẹ́dà ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run lè mọ́ kedere ní Èkó kí eruku má sì jẹ́ kí bàálù lè balẹ̀ ní Kánò. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá sọ ibi tí wẹ́dà náà wà, tí wọ́n sì tún ń fi orúkọ kan náà pe bàálù tó bàjẹ́ àti bàálù tí kò sí rárá, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ tí ìjì bá dé lóòótọ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní ẹni tó bá lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó. Àwọn ọmọ ló ń rà á fún àwọn ìyá, pàápàá láti ìgbà tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Ẹni tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé ó ń gbọ́ ọ nígbà tí àyà rẹ̀ ń já? Oníkóòtù tó fi Gẹ̀ẹ́sì bá òṣìṣẹ́ jà nílẹ̀, Yorùbá ló fi ka Sáàmù rẹ̀ lókè.

Wọ́n á ní èdè wo la fẹ́ mú, èwo la fẹ́ fi sílẹ̀? Bàálù Ethiopian ń fi Amharic àti Gẹ̀ẹ́sì bá èrò sọ̀rọ̀, ti Air France ń fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín Èkó àti Àbújá, ẹ fi Yorùbá àti Haúsá kún un. Bí ẹ bá ń lọ sí Ẹnúgu, ẹ fi Ìgbò kún un. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ sọ Píjìn. Kì í ṣe awakọ̀ ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìjì láti wá ṣe ògbifọ̀. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan lè kà á látinú ìwé, wọ́n sì lè gbà á sílẹ̀ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì nìkan tó ìdí láti ṣe é. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, bàálù Singapore Airlines kan tó ń bọ̀ láti London já wálẹ̀ lójijì bíi tiwa, ó le ju tiwa lọ fíìfíì. Àwọn tí kò de bẹ́líìtì fò sókè, wọ́n sì já lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ fara pa, bàbá ẹni ọdún 73 kan sì kú. Bàálù náà fúnra rẹ̀ balẹ̀ láyọ̀ ní Bangkok.

Ẹ̀ka wa níṣẹ́ níbẹ̀. A ti ṣe Yorùbá fún fónẹ́tíìkì àti síńtáàsì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí là ń pe gbígbọ̀n bàálù nínú ìjì, ọ̀kan ní "rúkèrúdò òfuurufú," èkejì ní "ìrugùdù afẹ́fẹ́." Ó dùn létí, kò burú. Èmi fara mọ́ kòtò ojú ọ̀run. Kò bá sáyẹ́ǹsì mu tán, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ dánfó rí mọ̀ ọ́n: ó ń gbọ̀n, ó ń dunni nídìí, ọkọ̀ ṣì ń lọ.

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́, èyí tí mo kọ rèé, kí wọ́n mú un lọ́fẹ̀ẹ́:

"Ẹ̀yin èrò wa, ẹ kú ìjókòó. Ìjì wà níwájú, bàálù máa gba kòtò ojú ọ̀run fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ de bẹ́líìtì yín, ẹ má dìde. Bàálù wa lágbára ju gbígbọ̀n yìí lọ. Bí òjò kò bá jẹ́ ká balẹ̀ ní Èkó, a máa tún gòkè, a máa yí po, tàbí ká padà sí Àbújá. Epo tó máa gbé wa débẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn wa fúngbà díẹ̀, awakọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni."

Mo kà á sókè, mo fi fóònù wọn àkókò rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan.