Ẹ Má Ṣe Pàgọ́ sí Etí Òkun ní Ìgbà Tí Omi Ń Bínú

Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni ó máa ń gbèrò láti lọ pàgọ́ sí etí òkun fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èrò rere ni. Afẹ́fẹ́ etí òkun a máa tu ara, ọmọ tí ó ti ń ka ìwé láti oṣù mélòó kan yóò sì rí àyè sáré lórí iyanrìn. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ilé. Ohun tí mo ní láti sọ ni pé àkókò tí púpọ̀ nínú wa ń yàn kò dára rárá, ó sì yẹ kí a yí i padà.

Ìsinmi gígùn bọ́ sí àárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ní àkókò yìí gan-an ni ìgbì òkun wa máa ń le jù. Ìgbà òtútù ni ó jẹ́ ní apá gúúsù ayé. Ìjì a máa jà lórí agbami níbẹ̀, ìgbì tí ìjì náà bá sì gbé dìde yóò rin ọ̀nà jíjìn réré kí ó tó wá fọ́ sí etí òkun wa, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí. Ohun tí ó ń tan òbí jẹ ni pé òjò a máa dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ á gbẹ, ooru kò ní mú, bàbá á sì wí pé, “Ojú ọjọ́ dára, ẹ jẹ́ kí a lọ.” Ojú ọjọ́ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun kò mọ̀ pé òjò ti dá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí omi náà ti ń gbé ènìyàn. Ìgbì tí ó gun orí iyanrìn kò ní ṣàì padà. Omi tí ń padà yìí a máa rí ọ̀nà tóóró kan gbà, ibẹ̀ ni yóò sì ti ya lọ sínú agbami pẹ̀lú agbára. Ojú ọ̀nà náà lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí ìgbì máa fọ́ ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí ìyá sì rò pé ibẹ̀ ni ó dára jù fún ọmọ. Ẹni tí ó bá ń bá omi náà jà láti padà tààrà yóò rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rì. Kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè fún ìrànlọ́wọ́, kí ó sì wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìbú etí òkun, títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa ní gbogbo ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 5.

Àwọn kan yóò wí pé ìsinmi Kérésìmesì kúrú, owó sì ń lọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oorun alẹ́ méjì nínú àgọ́ kò gba ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ìgbì a máa rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀fọn pàápàá a sì dínkù. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ lọ nínú ìsinmi gígùn, ẹ lọ sí ibi tí nǹkan ti dá ìgbì dúró. Omi Tarkwa Bay rọ̀ ju ti etí agbami lọ, nítorí ògiri òkúta tí a kọ́ sí ẹnu èbúté Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà kí olúkúlùkù, àgbà àti èwe, wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì.

Ní ibikíbi tí ẹ bá pàgọ́ sí, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Bí gbogbo àgbà bá ní àwọn ń wò wọ́n, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ wọn. Kí olùṣọ́ má fọwọ́ kan fóònù, kí ó má mu ọtí, kí ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ọmọ tí ń rì kì í sábà kígbe. Ẹ fi okùn so kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa mọ́ ìtòsí, kí ẹ lè jù ú sí ẹni tí omi ń gbé, dípò kí ẹlòmíràn bẹ́ sí omi kí ó di òkú méjì. Bí ẹ bá fa ọmọ jáde tí kò mí, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ léraléra, kí ẹlòmíràn sì pe 767 tàbí 112 bí ó bá jẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ni ẹ wà.

Ní alẹ́, ewu mìíràn dé. Kí gbogbo yín sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti fi oògùn sí. Ẹ má ṣe gbé sítóòfù eléèédú wọ inú àgọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń ti inú rẹ̀ jáde kò lóòórùn, ojú kò sì rí i, ó lè pa gbogbo ìdílé lójú oorun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí àgọ́. Ẹ gbé omi mímu láti ilé; bí ó bá tán, ẹ se èyí tí ẹ bá rí títí yóò fi hó dáadáa.

Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ẹ padà dé, ẹ má ṣe rò pé àárẹ̀ ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà.

Òkun kò ní sá lọ. Bí ẹ kò bá rí i ní oṣù kẹjọ, yóò wà níbẹ̀ ní oṣù kejìlá. Iye ọmọ tí a kó lọ ni kí a kó padà.