Eyín Àgbàwọ̀

Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe yìí bú ọ̀rẹ́ tó yá aṣọ lọ síbi ìnáwó kì í sábà pa á tán. Ìdajì àkọ́kọ́ ti tó fún un. Ìdajì kejì ni mo rò pé ó le jù, torí ó gbà pé ohun ẹni ṣì wà nílé tí a lè padà wọ̀. Bí kò bá sí mọ́ ńkọ́? Eyín ọmọdé ká, òmíràn hù. Ti àgbà ká, kò sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ tí kì í ṣe àgbàwọ̀, ì báà jẹ́ wúrà.

Ní Lomé, láti Anagokomé tí àwọn Yorùbá ti ń gbé tipẹ́ títí dé Asigamé tí wọ́n ti ń ná aṣọ, ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń dín kì í wá ìmọ̀ràn tì. Ọmọ tó wà ní Paris á pè é: "Màmá, ẹ má ṣe èyí tí wọ́n ń yọ yẹn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìn ín fún yín." Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà á bú sẹ́rìn-ín: "Dentier ni kí o ṣe jàre. Tèmi rèé, ṣé o mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan nínú eyín méjì yìí jẹ́ àgbàwọ̀, tí èkejì sì jẹ́ ohun ẹni. Ibẹ̀ ni èmi àti wọn ti pínyà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo dentier, eyín tí wọ́n ń yọ yẹn. Dókítà á po lẹ́búlẹ́bú kan mọ́ omi, á kó o sínú àwo kékeré tí wọ́n ṣe ní ìrísí àgbọ̀n, á gbé e síni lẹ́nu títí yóò fi dì. Bó bá yọ ọ́, gbogbo kọ̀rọ̀ èrìgì ti hàn sínú rẹ̀. Píláásítà ni wọ́n á dà sójú àmì náà. Orí píláásítà yìí ni oníṣẹ́ yóò ti fi ìda to eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá ní kí aláìsàn fi eyín orí ìda náà sẹ́nu, kó pa ẹnu dé, kó rẹ́rìn-ín, kó ka oókan dé ẹẹ́wàá. Ibi tó bá ga, wọ́n á ha á. Ìgbà tó bá bá ẹnu mu ni wọ́n tó sọ ìda di ike aláwọ̀ èrìgì tí gbogbo wa mọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1937 ni ike yìí ti wọ inú iṣẹ́ eyín. Rọ́bà líle ni wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀. Èyí tó ṣáájú rọ́bà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń sọ pé eyín igi ló fi jẹun, kò ní eyín igi kankan: eyín erinmi, eyín ènìyàn àti òjé ló kó sẹ́nu, ó sì ń kọ̀wé ráhùn sí dókítà rẹ̀ nítorí wọn. Olórí orílẹ̀-èdè pàápàá, ṣòkòtò náà fún un.

Bí wọ́n bá wọn dentier dáadáa lónìí, kì í fúnni. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé ó ń ṣoni nígbà tó bá yá, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Egungun tó di eyín mú, iṣẹ́ eyín ló fi ń yè. Bí eyín bá ti kúrò, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́, kò sì ní dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, dentier tó bá ènìyàn mu rẹ́múrẹ́mú lọ́dún tí wọ́n ṣe é lè di ti ẹlòmíì lẹ́nu rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sí i, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe dentier. Ara ni ó yí padà. Ti òkè sàn díẹ̀, torí ó ń rí àjà ẹnu lẹ̀ mọ́. Ti ìsàlẹ̀ kò rí ibì kan dì mú, ahọ́n sì ń tì í lọ tì í bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó ń ná ọjà á máa fi ọwọ́ bo ẹnu. Tchintchinga, ẹran sísun tó ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á di ohun àwòkọjá, torí agbára tí ẹni tí gbogbo eyín rẹ̀ jẹ́ dentier fi ń jẹun kò tó ìdá mẹ́rin ti ẹni tí eyín rẹ̀ pé. A lè gbé e padà lọ kí wọ́n fi ike tuntun kún abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi í sínú àpótí, wọ́n á ní dentier kò dára.

Ọ̀kan tún wà tí n kò lè fò: dentier kékeré, eyín kan tàbí méjì pẹ̀lú ìkọ́ wáyà. Bó bá ti ń mì, kí ẹ má wọ̀ ọ́ sùn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọ̀fun ní Nàìjíríà ti kọ àkọsílẹ̀ púpọ̀ nípa àwọn tó gbé e mì tí ìkọ́ rẹ̀ sì há sí ọ̀nà oúnjẹ. Omi tútù ni ó yẹ kó sùn sí lóru. Omi gbígbóná á mú un wọ́.

Eyín tí wọ́n ń gbìn ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1952, Per-Ingvar Brånemark, oníṣègùn ará Sweden, fi ohun èlò títáníọ̀mù kékeré sínú egungun ehoro kó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Egungun ti gbá irin náà mọ́ra. Ní 1965 ó gbin irú irin yìí sí àgbọ̀n Gösta Larsson ní Gothenburg, ọkùnrin tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù lẹ́nu, Larsson sì fi wọ́n jẹun ju 40 ọdún lọ, títí tó fi kú ní 2006. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Brånemark kò tètè gbà á gbọ́. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Toronto ní 1982 ló ṣílẹ̀kùn fún un káàkiri ayé.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá ihò sí egungun, omi tútù ń dà sí i, torí egungun tó bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan lè kú, egungun tó ti kú kò sì ní gbá ohunkóhun mọ́ra. Irin náà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 4 ní fífẹ̀ àti 10 ní gígùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ó dúró: oṣù 3 fún àgbọ̀n ìsàlẹ̀, oṣù 6 fún ti òkè, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Brånemark fúnra rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé eyín lé e lórí.

Ṣé èyí wá ti di ohun ẹni? Ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí níkàáwọ́, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí egungun rẹ̀ ti tán nítorí pé eyín ti kúrò tipẹ́, irin lè kọ̀ ọ́. Ẹni tó sì gbìn ín tán tí kò fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ, èrìgì á wú, egungun á máa jẹ lọ lábẹ́, kò sì ní tètè dùn ún, torí irin kò mọ ìrora bíi ti eyín. Ẹ̀yin tó mọ télọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe iye owó aṣọ ló ń sọ ọ́ di teni. Bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n sára yín, ti ẹlòmíì lẹ wọ̀.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ Paris yẹn máa pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé tó ti ń pè, Sécurité sociale, ètò ìlera ìjọba, kì í sábà san owó irin tí wọ́n ń gbìn. Eyín tí à ń yọ ni ìjọba mú wọ inú ètò 100% Santé ní 2021, kí ọ̀pọ̀ lè rí i gbà láìsan kọ́bọ̀ kún un. Ìlú olówó pàápàá mọ èyí tí apá gbogbo ènìyàn ká.

Ọ̀nà kan wà láàárín tí kì í jáde lẹ́nu ọmọ tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́ ọjà. Ní 2002, àwọn onímọ̀ tó péjọ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà fẹnu kò pé ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ní ìsàlẹ̀, irin 2 péré níwájú àgbọ̀n, pẹ̀lú dentier tó ń kọ́ mọ́ wọn, ni ó yẹ kó jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún un. A ṣì ń yọ ọ́ fọ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn káàkiri ẹnu mọ́. Okùn ni wọ́n fi sí ìdí ṣòkòtò. Bí owó bá wà, tí ara sì gbà á, èyí ni èmi ì bá yàn fún ìyá wa Asigamé, kì í ṣe irin kíkún ẹnu. Ọ̀dọ́ tí eyín kan ṣoṣo já nínú ìjàǹbá alùpùpù zémidjan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: kó gbìn ín, kí wọ́n má bàa rẹ́ eyín méjì tó dá ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ torí eyín afárá tí wọ́n máa gbé lé wọn. Bàbá tí ṣúgà ara rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, dentier tí wọ́n ṣe dáadáa ni tirẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n á ti ṣe é náà wà nínú wíwọ̀n. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹnu àti àgbọ̀n wà ní ilé ìwòsàn CHU Sylvanus Olympio ní Tokoin, àwọn dókítà eyín aládàáni sì wà káàkiri ìlú. Ẹni tó ní AMU, ètò ìlera tí Togo bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún gbogbo ará ìlú ní oṣù kìn-ín-ní 2024, kó béèrè ohun tí káàdì rẹ̀ ń san kó tó ya ẹnu. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ gbin irin láìtíì wo egungun yín nínú fọ́tò X-ray, ẹ dìde.

Bí wọ́n bá gbìn ín, ẹ gba ìwé tí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà. Súkúrù ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu. Bí orí rẹ̀ bá tú lọ́jọ́ kan, tí ẹ sì wà ní Cotonou tàbí Èkó, ìwé yẹn ni dókítà ibẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè.