Gòjé Òyìnbó Tí Kò Gbọ́ Yorùbá



Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ ní ikùn mi, mo sì rí i pé àkókò tó wàyí tí mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, bí ó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ gòjé òyìnbó, èyí tí à ń pè ní fáyólìn; ó sì kan àwa tí ń kọ́ wọn. Ohun tí mo ní í wí kò ju èyí lọ: à ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti fi ohun èlò náà ké bí ẹyẹ, a kò kọ́ wọn láti fi í sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Okùn tí ó tínrín jù lọ ni a fi jọba. Okùn tí ó nípọn, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ni a sọ di ìwọ̀fà. Èyí kò bá orin Yorùbá mu, ó sì yẹ kí a yí i padà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀tá fáyólìn ni èmi í ṣe. Èmi fúnra mi ti ń ta á láti ìgbà èwe mi. Herbert Macaulay, ẹni tí ó jà fún ẹ̀tọ́ wa títí ó fi kú ní ọdún 1946, mọ fáyólìn í ta, kò sì sí ẹni tí ó lè wí pé ìyẹn dín ìfẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kù. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá tòótọ́, kọ *African Suite* rẹ̀ ní ọdún 1944 fún ẹgbẹ́ àwọn ohun èlò olókùn. Ohun èlò kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ tí ń lò ó ni kí a bi léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ìgbà kan, níbi àìsùn òkú ìbátan mi kan, wọ́n ní kí n ta orin kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Mo gbé orin náà lọ sórí okùn òkè pátápátá, mo fi ìka gbọ̀n ọ́n, mo sọ ọ́ di aláràbarà. Nígbà tí mo parí, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tí ó jókòó nítòsí mi pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń wí?” Mo dárúkọ orin náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n, òun náà ni? Èmi rò pé ti òyìnbó ni.” Ní òru ọjọ́ kan náà ni onígòjé kan bá àwọn onísákárà dé, pẹ̀lú okùn kan ṣoṣo. Kí olórin tó la ẹnu rẹ̀, ìyá yẹn kan náà ti ń gbe orin. Ìtìjú ni mo gbé relé.

Kí ni onígòjé náà ní tí èmi kò ní? Kì í ṣe ohun èlò tí ó níye lórí. Igbá ni wọ́n fi awọ bò, bóyá awọ awọ́nríwọ́n. Igi ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ni ó sì wà lára ọrun tí a fi ń fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìka rẹ̀. Onígòjé kì í tẹ okùn mọ́ igi. Ó kàn ń fi ìka kàn án ni. Nítorí náà ìka rẹ̀ lè yọ̀ láti ohùn kan dé èkejì láìjá. Èyí sì ni ọ̀nà tí èdè wa ń gbà rìn. Nígbà tí a bá wí pé “ìlú,” ohùn wa kì í fò láti ìsàlẹ̀ sí òkè bí ẹni fo kòtò. Ńṣe ni ó ń gun òkè lọ. Nígbà tí a bá wí pé “rárà,” ńṣe ni ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó gbé ìka kan sílẹ̀ tí ó gbé òmíràn lé e, bí a ti ń kọ́ wa nínú ìwé ìdánwò, yóò pe ohùn náà ní mímọ́, ṣùgbọ́n kò ní í pe ọ̀rọ̀ náà.

Ta ni kò mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, àti pé ọkọ́ kì í ṣe ọ̀kọ̀? T. K. Ekundayo Phillips, nínú ìwé rẹ̀ *Yoruba Music* tí ó jáde ní ọdún 1953, kọ̀wé lórí bí orin wa ti so mọ́ ohùn ọ̀rọ̀ wa. A sì ti rí ìyà ẹni tí kò gbọ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá lórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ sí ìlà-oòrùn tí ohùn ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyà kan náà ni a tún fẹ́ fi fáyólìn jẹ ara wa yìí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ okùn ìsàlẹ̀. Okùn mẹ́rin ni fáyólìn ní: G, D, A, E. Okùn E, tí a fi jọba, a máa gbọ̀n ní ìgbà 659 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a sábà máa wà ní bí 100 sí 150. Ti obìnrin a máa wà ní àyíká 200. Okùn G, èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lára fáyólìn, jẹ́ 196. Ẹ rí i pé ibi tí ìyá ilé ti ń sọ̀rọ̀ ni fáyólìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Fíólà, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n fáyólìn, ní okùn C tí ó jẹ́ 131: ibẹ̀ ni baba ilé ti ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fẹ́ kí okùn sọ Yorùbá, ǹjẹ́ kò yẹ kí a wá a lọ síbi tí ẹnu Yorùbá wà?

Àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ẹ wo àwọn onídùndún. Ta ni ń ki ọba, ta ni ń pe oríkì? Ìyáàlù ni, tí ara rẹ̀ tóbi, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Gúdúgúdú ní ohùn tínrín, orin kò sì lè dùn láìsí i. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni à ń rán níṣẹ́ ọ̀rọ̀. Bàtá náà kò yàtọ̀: ìyáàlù ni aṣíwájú. Àwa nìkan, àwa ọ̀mọ̀wé, ni a gbé ọ̀rọ̀ fún gúdúgúdú, tí a sì ní kí ìyáàlù máa gbè.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí. Àwọn kan yóò ní, “Gòjé kì í ṣe tiwa, ti Haúsá ni.” Òótọ́ ni pé àwọn Haúsá ní in, àwọn Sóńgáì ní in, àwọn Dagbamba ní ìhà àríwá Gánà náà ní in. Ṣùgbọ́n ibo ni fáyólìn ti wá? Ìhà àríwá Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn onímọ̀ sì tọ́ka sí i pé lára rábábù àwọn Lárúbáwá ni Yúróòpù ti rí àwọn ohun èlò olókùn kan tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí kò tijú láti gba ẹ̀bùn Ítálì, kí ló dé tí yóò tijú láti gba ti aládùúgbò rẹ̀? Àwọn onísákárà ti fi gòjé kọrin Yorùbá títí ó fi di ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo Yusuf Olatunji, Baba L'Ẹ̀gbá, tí ó kú ní ọdún 1978, tí ó sì tún wí pé gòjé kò gbọ́ Yorùbá, etí rẹ̀ ni kí ó lọ tọ́jú.

Àwọn mìíràn yóò ní ohun èlò aríyá ni gòjé, kò yẹ ọmọlúwàbí. Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dá wọn lóhùn. Àwọn ni wọ́n ń pe onísákárà sí òkú bàbá wọn, tí wọ́n ń ná owó lé e lórí, tí wọ́n sì ń dá ọmọ wọn lẹ́kun kí ó má ṣe kọ́ ọ.

Àwọn ẹ̀kẹta ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí olùkọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní, “Bí a bá yí ọ̀nà tí a ń gbà ta fáyólìn padà, a ti ba á jẹ́.” Mo bẹ̀ yín, ẹ wo gúúsù Íńdíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Baluswami Dikshitar kọ́ fáyólìn lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, tí ó sì gbé e wọ inú orin ilẹ̀ rẹ̀. Títí di òní olónìí, ilẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń jókòó sí láti ta á, orí rẹ̀ a sì fara ti ẹsẹ̀ wọn, kí ọwọ́ òsì lè ní òmìnira láti yọ̀ lórí okùn. Ohùn olórin ni wọ́n fi ń tún okùn ṣe, wọn kò fi olórin tún ohùn okùn ṣe. T. Chowdiah tilẹ̀ ta èyí tí ó ní okùn méje. Ẹ wo àwọn Lárúbáwá pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa sọ okùn A kalẹ̀ sí G, okùn E sí D, ní Mòrókò, a máa rí àwọn tí ń gbé e dúró lórí itan gan-an gẹ́gẹ́ bí gòjé. Ta ni ó lè wí pé àwọn wọ̀nyí ba fáyólìn jẹ́? Wọ́n gbà á lálejò, wọ́n sì kọ́ ọ ní èdè ilé. Àwa nìkan ni a gba àlejò tí a sì gbàgbé èdè tiwa nítorí rẹ̀.

Kí a má baà wí pé ẹnu lásán ni mo ní, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn ìtìjú ọjọ́ yẹn, mo gbé fáyólìn mi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, mo sì mú fíólà. Ọ̀sẹ̀ kìíní burú. Ara fáyólìn gùn tó ínṣì 14. Ti fíólà a máa tó 15 sí 17, nítorí náà ìka gbọ́dọ̀ yà síra ju bí ó ti mọ́ ọn lára lọ. Mo fa okùn C bí mo ti ń fa E, ó sì ń dún bí ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé okùn tí ó nípọn kì í jí kíákíá. Ó ń fẹ́ kí ọrun rọra rìn, kí ọwọ́ wúwo lé e díẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún gòkè, kí ti òsì sì wọlé sábẹ́ ohun èlò. Ẹni tí ó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù fà á yóò gbọ́ ìdáhùn. Mo rò pé àgbà ni mo ń bá sọ̀rọ̀: a kì í kan àgbà lójú, a ń dúró de èsì rẹ̀ ni.

Nígbà tí ó jí, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn, tí mo ń fi lọ gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́. Mú òwe kan. Fi ẹnu pa á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí o sì fetí sí bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀. Lẹ́yìn náà, fi ìka kan ṣoṣo, lórí okùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, pa òwe náà láìgbé ìka kúrò. Pe ọmọdé kan tí kò gbọ́ nígbà tí o ń fi ẹnu pa á, kí o ní kí ó sọ èyí tí ó jẹ́ nínú òwe mẹ́ta tí o kà fún un. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, o ti ń ta gòjé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ariwo ni o ṣì ń pa, bí ìwé ẹ̀rí tilẹ̀ kún ògiri ilé rẹ.

Ẹni tí kò ní owó fíólà kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Kí ó má kàn tú okùn G fáyólìn rẹ̀ sílẹ̀ títí dé C, nítorí okùn yóò dẹ̀, ohùn yóò sì kú. Bí ó bá fẹ́ okùn fíólà lórí fáyólìn, kí ó wá èyí tí gígùn rẹ̀ bá a mu, kí ó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ ojú ihò tí okùn ń gbà. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé ara kékeré náà kò lè gbé C bí ti fíólà. Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni ti àwọn Lárúbáwá: G, D, G, D. Nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìka bá sọ lórí okùn méjì ìsàlẹ̀, ìka kan náà ni yóò tún un sọ lórí okùn méjì òkè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ti í gbe ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

Èmi kò ní kí a ju okùn E dànù. Kò burú kí ọmọ mọ ìwé ìdánwò, kí ó sì yege. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí ọmọ yege tán kí ó má lè ta orin tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n.

Àwọn àgbà tí ó mọ gòjé ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn kò sì sí nínú ìwé tí a lè ṣí lọ́la. Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a pe onígòjé kan sí ìpàdé wa, kì í ṣe láti dá wa lára yá nígbà tí a bá ń jẹun, bí kò ṣe láti jókòó sórí àga olùkọ́, kí a sì san owó olùkọ́ fún un. Kí àwa tí ń ta fáyólìn jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò wa lọ́wọ́. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti ṣetán láti jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kìíní. Ta ni yóò ṣe èkejì?