Àṣẹ Tẹ́tẹ́ Ti Bọ́ Sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀: Iṣẹ́ Wo Ló Kù?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ohùn kan dá ẹjọ́ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti pè láti ọdún 2008, tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì dara pọ̀ mọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ kò sí nínú àkójọ iṣẹ́ tí Ìwé Òfin ọdún 1999 fi sílẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, wọ́n fagi lé Òfin Lọ́tìrì ọdún 2005, wọ́n sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ múlẹ̀ mọ́ níbikíbi àfi ní Àbújá, olú-ìlú ìjọba àpapọ̀.

Inú wa dùn sí ìdájọ́ yìí. Gbogbo ẹni tí ó bá gbà pé kí ẹkùn kọ̀ọ̀kan máa tún ilé ara rẹ̀ ṣe, kí ìjọba àpapọ̀ má sì máa na ọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò bá wa yọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ọjọ́ kékeré fún ẹni tí ń dúró de ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa a máa sọ pé ẹni tí a bá fi jẹ oyè àwòdì, ó yẹ kí ó lè gbé adìẹ. Bí ó bá ṣe pé owó tí ń lọ sí Àbújá ni yóò kàn máa lọ sí àpò ìpínlẹ̀, tí ohunkóhun mìíràn kò sì yí padà, àwọn ìjọba ni ó jèrè. Ará ìlú kò jèrè nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìwé àṣẹ tẹ́tẹ́ wà fún. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń mú owó wọlé fún ìjọba. Èkejì, ó ń jẹ́ kí á mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó àwọn ènìyàn lè san án fún ẹni tí ó bá jẹ, àti pé kò sí màgòmágó nínú nọ́ńbà tí ó ń gbé jáde. Ẹ̀kẹta, ó ń dáàbò bo ọmọdé, àti àgbà tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún. Kò sí ìjọba tí í gbàgbé iṣẹ́ kìíní. Ẹ̀kẹta ni wọ́n sábà ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí pé kò mú owó wá. Ńṣe ni ó ń dín in kù. Ìjọba tí ó bá ń jẹ nínú owó tẹ́tẹ́, ó ṣòro fún un láti bá ọlọ́jà tẹ́tẹ́ wí.

Àwọn kan yóò ní kí á fi òfin dè é pátápátá, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1906 ka gbígba owó tẹ́tẹ́ ní ìgboro léèwọ̀. Ṣé wọ́n dẹ́kun? Rárá o. Àwọn agbowó tẹ́tẹ́ ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, àwọn ọlọ́pàá mìíràn sì ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe òfin mìíràn ní ọdún 1960, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1961.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ nìkan kò tó. Ó di ìgbà kan tí àwọn ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ń gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí ìjọba fi dín in kù sí pọ́n-ùn méjì ní ọdún 2019. Ní ọdún 2020, wọ́n ka fífi káàdì gbèsè ta tẹ́tẹ́ léèwọ̀, wọ́n sì fi dandan lé e pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìwé àṣẹ wọn wọnú ètò kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ lè fi orúkọ sílẹ̀ sí, kí gbogbo wọn lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Láàárín ṣọ́ọ̀bù ọdún 1961 àti àtúnṣe wọ̀nyí, ó lé ní àádọ́ta ọdún. Kò yẹ kí tiwa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tiwa tilẹ̀ ju tiwọn lọ. Fóònù kò mọ ààlà Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Ọmọ tí ó jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ lè ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí Èkó fún ní ìwé àṣẹ. Èyí ni àwọn kan dì mú tí wọ́n fi gbé àbá òfin tuntun wá síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní ọdún 2025, kí tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè padà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. A lòdì sí i, nítorí pé ohun tí ilé-ẹjọ́ bá gbé jáde ní ẹnu ọ̀nà, kò yẹ kí á gbé e wọlé láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìpínlẹ̀ kò bá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, àwọn fúnra wọn ni yóò fún alátakò ní ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn ìjọba ẹkùn wa. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó bá ní òun kò ta tẹ́tẹ́ mọ́ ní ìpínlẹ̀ kan di mímọ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ má fi ìwé àṣẹ fún ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní ìtòsí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gba owó ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún. Ìtanràn nìkan kò tó. Kí ẹ sì máa tẹ iye tí ó wọlé láti inú tẹ́tẹ́ jáde lọ́dọọdún, àti ohun tí ẹ fi ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìṣirò. Ẹ fi han àwọn ọmọ pé bí ẹni tí ń ta tẹ́tẹ́ bá pẹ́ lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni yóò jèrè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìdájọ́ ọdún 2024 yangàn lásán. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti fi àṣẹ náà ṣe fún ọmọ yín.