Ẹni Tó Ń Dáná Ni Kó Fa Ìlà Ilé Ìdáná

Bí a bá ń kọ́lé, a máa ń bá bíríkílà sọ̀rọ̀ yàrá àlejò títí ilẹ̀ á fi ṣú: ibi tí fèrèsé máa kọjú sí, irú páànù tó máa wà lórí, àwọ̀ ọ̀dà. Tó bá wá kan ilé ìdáná, ẹnìkan á na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á ní, "Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn." Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni obìnrin ilé máa wà láti ìdájí, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí lálẹ́. Ìwà yìí kò dára lójú mi, mo sì fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n lọ́wọ́ yìí. Àwa ọmọ ti dá owó jọ láti tún ilé ìdáná ìyá wa kọ́ ní Kpoulou, ní ilẹ̀ Benin. Ògiri amọ̀ ni ti àtijọ́, òjò sì ti jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ní Kútọnu fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù: ilé ìdáná funfun báláú, pẹpẹ kan ṣoṣo tó yí ògiri mẹ́ta ká, tó ga bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gáàsì láàárín, kọ́bọ́ọ̀dù lókè, kọ́bọ́ọ̀dù nísàlẹ̀. Ó lẹ́wà, n kò ní purọ́. Ìyá wa gba fóònù, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Níbo ni odó máa wà?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ fún wọn. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú lórí ilé ìdáná èyíkéyìí tí a bá fẹ́ kọ́ nílẹ̀ Ànàgó àti Ọ̀họ̀rí.

Ẹ wo iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀. Ọkà àgbàdo là ń rò jù. A ń lọ ata lórí ọlọ. A ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí, èèpo rẹ̀ á sì kún ilẹ̀ dé ìdí àpótí. Bí ẹyìn bá pọ́n, a ó sè é, a ó gún un, a ó fi omi yọ epo rẹ̀. Ọ̀pẹ pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ní Pobè tó múlé gbè wá, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1922. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òmíràn wà tí a ń ṣe ní ìdúró, òmíràn lórí àpótí, òmíràn lórí ilẹ̀ gan-an. Pẹpẹ tó ga bákan náà yípo kò lè gba gbogbo wọn.

Gíga pẹpẹ ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ríro ti ń wá. Nǹkan bí 90 sẹ̀ńtímítà ni wọ́n máa ń ṣe é ní Yúróòpù. Ìyá wa kò ga. Mo ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n ká apá, mo sì wọn ìgúnpá wọn délẹ̀: 96. Ìlànà àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ni pé kí pẹpẹ tí a ó máa gé nǹkan lórí rẹ̀ fi 10 sí 15 sẹ̀ńtímítà rẹlẹ̀ ju ìgúnpá lọ. Ti ìyá wa bọ́ sáàárín 81 sí 86, a sì ti fẹnu kò sí 84. Kí bíríkílà má sì ṣe mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé etí. Kí ó fi nǹkan bí 10 sẹ̀ńtímítà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ògiri á tẹ̀ síwájú ni tipátipá, ẹ̀yìn ni yóò sì sanwó rẹ̀.

Ẹ wá gbé gáàsì lé orí pẹpẹ 90 inú àwòrán yẹn. Gáàsì fúnra rẹ̀ ga tó 10, ìkòkò ọkà tó 25. Ẹnu ìkòkò ti di 125, ó ti bá èjìká ìyá wa dọ́gba. Ta ló lè ro ọkà ní èjìká? Ọkà ríro ń fẹ́ kí èèyàn wà lókè ìkòkò, kí ó lè fi agbára ẹ̀yìn àti itan ti ọmọrogùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó sórí àpótí, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ di ìkòkò mú. Mo ti rí ilé ìdáná táìlì tí wọ́n náwó lé lórí ní àgbègbè Adja-Ouèrè tí ìyàwó ilé ń gbé ìkòkò ọkà kúrò lórí gáàsì wá sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kí ó tó lè rò ó. Omi gbígbóná ló ń gbé kiri láàárín àwọn ọmọ! Kí pẹpẹ gáàsì dá dúró, kí ó ga ní 50 péré, kí a sì ri irin méjì mọ́ ọn nínú sìmẹ́ńtì tí ìkòkò máa há sí kó má baà yí. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á dúró, ẹni tó bá fẹ́ jókòó, àyè àpótí wà.

Àwọn mìíràn ti ro irú èyí ṣáájú wa. Ní 1926, ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, obìnrin ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ Vienna, ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tí ìlú náà ń kọ́ fáwọn aráàlú. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 1.9 lọ, gígùn rẹ̀ 3.4. Ó ro iye ìṣísẹ̀ àti àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ó gbé pẹpẹ ìgénǹkan sábẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á, ó fi àga síwájú rẹ̀ kí obìnrin lè jókòó ṣiṣẹ́, ó sì ṣe ọ̀nà sára pẹpẹ náà tí èèpo ń gbà bọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 10,000 ni wọ́n ṣe. Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ obìnrin yẹn ni. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ nígbà tó yá pé òun kì í dáná rárá kí òun tó yà á. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ó fara balẹ̀ wo iṣẹ́ náà kó tó fa ìlà. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, ló yà á fún. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ń já ẹ̀fọ́, ìyàwó àbúrò ń lọ ata, ìyá ń ro ọkà, aládùúgbò sì ti yà wọlé wá mú ẹ̀yinná. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí sínú mítà 1.9, ẹnìkan á gbé ọbẹ̀ dànù. Nítorí náà, inú ilé kékeré ni mo fẹ́, kí ìta abẹ́ páànù sì gbòòrò: ibi tí odó máa wà lórí ilẹ̀ tí a lù dáadáa, tí kò ní táìlì tí yóò fọ́, tí ọlọ yóò sì wà lórí òpó sìmẹ́ńtì tirẹ̀, nítorí ẹni tó ń lọ ata ń mi ohunkóhun tí ọlọ bá wà lórí rẹ̀.

Lórí ohun tí a ó fi ṣe ojú pẹpẹ, mábù ni ẹ̀gbọ́n wa fẹ́. Mo tako wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹfun ló pọ̀ jù nínú mábù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò sì máa ń jẹ ẹ́. Àpá rẹ̀ kì í lọ. Táìlì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n epo pupa máa ń wọ àárín rẹ̀, á di dúdú, kò ní gbọ́ ọṣẹ. Èyí tí mo fara mọ́ ni kọnkéré tí a dà síbẹ̀ gan-an, tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀, tí a sì fi ẹ̀rọ dán an bí ilẹ̀ ilé àwọn àgbà. Sìmẹ́ńtì ẹyọ kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́ta. Kí ó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 7. Irin onímìlímítà mẹ́jọ ní òòró àti ní ìbú. Kí a máa fi àpò tútù bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbé ẹrù. Bíríkílà tó bá ní kí ẹ gbé ìkòkò lé e lọ́jọ́ kejì kò fẹ́ kí ó pẹ́. Sìmẹ́ńtì náà kò sì jìnnà: ilé iṣẹ́ Onigbolo, ní àgbègbè Pobè, tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òkúta ẹfun inú ilẹ̀ wa níbí ló ń lọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ yẹn ń wú bí òjò bá rọ̀, ó ń là bí ọyẹ́ bá dé. Bí ẹsẹ̀ pẹpẹ bá wà lórí rẹ̀ lásán, tí ògiri sì ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, àwọn méjèèjì á ya ara wọn kí ọdún tó yípo. Ẹ wa amọ̀ dúdú náà kúrò, ẹ fi yangí kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri àti pẹpẹ dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà.

Èéfín náà ń kọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ní ọdún 2020. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ààrò igi nínú yàrá mọ́, bó ti wù kí fèrèsé rẹ̀ tóbi tó. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní gáàsì nìkan ni a ó máa lò kò mọ abúlé. Gáàsì á tán, owó kò ní sí nílẹ̀, igi la ó padà sí. Àgbàdo irúgbìn tí a so sórí àjà, èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò dé ibẹ̀. Mo ní kí ààrò wà níta, lábẹ́ páànù, ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí àjà wà lókè rẹ̀, kí àlàfo sì wà láàárín orí ògiri àti páànù.

Bí a ṣe fẹ́ fa ìlà rẹ̀ nìyí: kí bíríkílà tó dé, a ó da eérú sílẹ̀ ní ibi tí ògiri, pẹpẹ, àmù omi àti ààrò máa wà. Ìyá wa á gbé ìkòkò gidi, wọ́n á rìn láti ibi omi dé ibi gáàsì, láti ibi gáàsì dé ibi ọlọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní "rárá", a ó fi ẹsẹ̀ pa eérú rẹ́, a ó tún òmíràn fà. Mo ti bẹ ẹ̀gbọ́n wa kí wọ́n wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè tí wọ́n fẹ́, ọwọ́ ìyá wa kò lè tó o. Owó rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fi ra páànù àti igi tí yóò mú ìta yẹn gbòòrò tó fún ẹni mẹ́rin.