Ilẹ̀ Ni Ká Ti Gbọ́ Ẹjọ́ Ẹ́ńjìnnì



Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, bàálù kékeré kan já sójú títì Ọba Akran ní Ìkẹjà, lójú ọ̀sán. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ yè, gbogbo ènìyàn sì ń dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ ni Ọba Akran. Bó bá ṣe pé àsìkò tí ṣíìfù ń pààrọ̀ ni, ta ni ìbá máa dúpẹ́?

Àwọn kan ní bí awakọ̀ bá ti mọ iṣẹ́, yóò wá ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bàálù kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já bọ́ bí òkúta; ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Bó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 lókè, ó lè rọra yọ́ lọ tó nǹkan bíi máìlì kan àbọ̀, bí ẹni ń ti Ìdúmọ̀tà lọ sí Ọ̀yìngbò. Awakọ̀ á tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí eré má baà tán lára rẹ̀, á wá ibi gbalasa níwájú. Gbalasa wo l'Ékòó? Ẹ wá dúró sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbí kí ẹ wòkè: òrùlé lu òrùlé, wáyà iná gun wáyà. Kí ó yí padà síbi tó ti gbéra ńkọ́? Ìyẹn gan-an léwu, nítorí yíyípo a máa jẹ ìwọ̀nba òkè tó kù fún un. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2021, bàálù kékeré kan ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Mìnnà. Wọ́n ròyìn pé ẹ́ńjìnnì dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń padà bọ̀, wọn kò dé. Àwọn méjèèje ló kú.

Ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, bàálù tó ń gbé òkú Olúṣẹ́gun Àgágù, gómìnà Oǹdó nígbà kan rí, lọ sí Àkúrẹ́ já ní Ìkẹjà kété tó gbéra. Àwọn aṣèwádìí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tó ṣì ń sáré lórí ilẹ̀ ni àmì ti hàn pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀tún kò yí bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ akìlọ̀ ń pariwo. Síbẹ̀ wọ́n gbéra. Ènìyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló yè.

Kí ló dé tí wọn kò dúró? Èmi kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń mú awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ tí kò dára jáde. Ní gáréèjì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ̀, ó ní bíréèkì kò mú. Kúèrì ni wọ́n fi dá a lóhùn, wọ́n sì yọ owó ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ẹlòmíràn gbé e jáde, kò wí nǹkan kan. Mẹkáníìkì mọ̀, ó dákẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́. (Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun ìbá ṣe.)

Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀. Kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kò dára kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀rọ náà dúró títí mẹkáníìkì yóò fi fọwọ́ sí i, kí wọ́n má sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó onítọ̀hún. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka wa. Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ nawọ́ sí i.