Gbogbo Rẹ̀ Ti Yege, Àfi Méjì

 

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti ibi SIWES oṣù mẹ́fà ni. Ẹni tó bá pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á béèrè pé kí ni mo kọ́ bọ̀. Mo máa ń sọ pé mo ti mọ Python dáadáa báyìí, wọ́n á ní mo kú iṣẹ́, oníkálùkù á bá tirẹ̀ lọ. Ìdáhùn gidi ni mo fẹ́ kọ síbí, kò sì buyì kún mi.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí wà ní Yaba. Iṣẹ́ owó ni wọ́n ń ṣe: ẹni tó bá ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń bá a gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Wọn kò ní sáfà kankan nínú ọ́fíìsì. Orí AWS, cloud ti Amazon, ni gbogbo nǹkan wọn wà, àkáǹtì 14 ni wọ́n sì ní níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè máa rò ó pé kí ni ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ fi àkáǹtì 14 ṣe. Bí ọgbà ni àkáǹtì kọ̀ọ̀kan rí. Bí ọmọ tuntun bíi tèmi bá ṣèèṣì pa nǹkan rẹ́ nínú àkáǹtì ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibi tí owó àwọn oníbàárà ń gbà kọjá. Bílì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan náà sì máa ń dá wá lọ́tọ̀, kí a lè mọ ẹni tó ń náwó.

Ní oṣù kẹta, ọ̀gá tí mo wà lábẹ́ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ní kí n gbé CloudTrail dé gbogbo àkáǹtì náà. CloudTrail ni ìwé àkọsílẹ̀ AWS: ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe, àti ìgbà tó ṣe é. AWS fúnra rẹ̀ máa ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 90 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti dá trail sílẹ̀, tí yóò máa kó o sínú àpótí S3 tiyín. Kò sẹ́ni tó máa wọ inú àkáǹtì 14 lọ́kọ̀ọ̀kan kó máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. StackSets, tó jẹ́ ara CloudFormation, ni a lò. AWS gbé e jáde ní 2017 fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ ó kọ template kan ṣoṣo, ẹ ó ka nọ́ńbà àwọn àkáǹtì àti àgbègbè tí ẹ fẹ́ fún un, yóò sì lọ gbé e kalẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo kọ kóòdù Python kékeré kan. Ó pe create_stack_instances, AWS sì fún un ní OperationId, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ iṣẹ́ náà. Kóòdù mi wá ń fi nọ́ńbà yẹn béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá pé ṣé ó ti parí. RUNNING. Ṣé ó ti parí? RUNNING. Nígbà tó yá, ó ní SUCCEEDED. Kóòdù mi kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé “Gbogbo rẹ̀ ti yege”. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n lórí WhatsApp, wọ́n fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Mo bá lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

Ní ìparí oṣù keje, ẹnì kan ṣàkíyèsí pé dátábéèsì kan nínú ọ̀kan lára àwọn àkáǹtì náà ṣí sílẹ̀ gbayawu sí gbogbo ayé. Ìdánwò ni wọ́n ní àwọn ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà gidi ni ẹnì kan ti dà sínú rẹ̀. A mọ̀ pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nítorí pé ẹnì kan ti ya àwòrán ojú ewé yẹn sínú ìjábọ̀ oṣù náà láìfura. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò fàyè gba fífi irú nǹkan báyìí pamọ́: wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí, bí ó bá lè kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Nítorí náà gbogbo ilé ń sáré. Ta ló ṣí i? Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Àbúrò, lọ wo inú trail fún wa.”

Mo lọ wò ó. Kò sí trail níbẹ̀. Ọjọ́ 90 sì ti kọjá, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ náà ti lọ.

N kò lè sọ bí ara mi ṣe rí. Mo pe list_stack_instances pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Àkáǹtì 12 jẹ́ CURRENT, méjì jẹ́ OUTDATED, ìdí rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kedere. Ìkan jẹ́ àkáǹtì tuntun, ẹni tó ṣí i kò sì dá AWSCloudFormationStackSetExecutionRole sínú rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí StackSets fi ń wọlé. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò rí ilẹ̀kùn ṣí. Nínú èkejì, ẹnì kan ti fọwọ́ dá àpótí S3 kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí template fẹ́ dá. Inú àkáǹtì tuntun yẹn ni dátábéèsì wà.

Báwo wá ni AWS ṣe lè sọ fún mi pé SUCCEEDED? Nítorí pé èmi ni mo sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe àdàkọ àwọn ètò ìbẹ̀rẹ̀ láti inú kóòdù àtijọ́ kan, FailureToleranceCount tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 2. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, nínú àgbègbè kọ̀ọ̀kan, bí kò bá ju méjì lọ tó kùnà, kó má kà á sí ìkùnà. Méjì ló kùnà. Kò ju méjì lọ. Iṣẹ́ yege.

Ẹ̀gbọ́n ní Amazon ló ń tan ènìyàn jẹ, pé kí ló dé tí wọn kò pè é ní nǹkan mìíràn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ilé-iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àkáǹtì kò lè jẹ́ kí àkáǹtì kan tí wọ́n ti ń pa dé dá gbogbo ìyókù dúró. Fún irú wọn ni wọ́n ṣe fi ààyè yẹn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan síbẹ̀, òdo ni AWS máa lò, àkáǹtì kan tó bá kùnà á sì sọ gbogbo iṣẹ́ náà di FAILED. Fún àkáǹtì 14, òdo ni èmi ì bá fi sílẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà yẹn ló dà mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi iṣẹ́ kan tó ní ìdáhùn 14, mo sì gba ìdáhùn kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó, ìyá mi ló pín aṣọ ẹbí. Jọ́tà kan kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í wo àpò aṣọ láti mọ̀ bóyá ó ti parí, orúkọ ni wọ́n ń wò: ta ló ti gbà, ta ló ti sanwó, ti ta ni a fi rán awakọ̀ lọ sí Ìbàdàn tí onítọ̀hún kò tíì pè pé òun rí i. Lọ́jọ́ kan àpò ṣófo, orúkọ méjì ṣì kù nínú jọ́tà. Ẹnì kan ti gba ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe jọ́tà yẹn, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni à bá tó mọ̀, ẹ sì mọ irú ìjà tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí. Èmi ọmọ wọn lọ sí Yaba, àpò ni mo lọ ń wò.

Èrò mi nìyí: kóòdù tó gbé nǹkan lọ sí àkáǹtì púpọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Kò le. list_stack_set_operation_results wà níbẹ̀, yóò sọ ti àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí tí èyí tó kùnà fi kùnà. Ẹ kàn ní láti ṣọ́ra pé kì í kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan bí ó bá pọ̀. Ó máa ń fún yín ní NextToken, kí ẹ fi padà wá gba ìyókù. Ẹni tó bá ka ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan yóò ṣe irú àṣìṣe tèmi lọ́nà mìíràn. Ẹ má sì máa wá FAILED nìkan. Bí ìkùnà bá pọ̀ ju ààyè tí ẹ fi sílẹ̀ lọ, àwọn tí kò tíì kàn yóò di CANCELLED, ẹni tó ń ka FAILED kò sì ní rí wọn. Ohunkóhun tí kì í bá ṣe SUCCEEDED ni kí ẹ kà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àkáǹtì tí ẹ kò dárúkọ rárá. AWS á sọ ti gbogbo èyí tí ẹ kà fún un, kò ní sọ ti èyí tí ẹ gbàgbé. Àkáǹtì tí ẹ gbàgbé kì í kùnà. Nítorí náà, orúkọ tí kóòdù yín yóò fi wé èsì kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fọwọ́ kọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ AWS Organizations lọ́jọ́ náà gan-an pé àkáǹtì mélòó ló wà, kí ẹ wá fi wé ara wọn.

Nípa OperationId, ìlú tí iná ń lọ ni a wà. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà yín sì kú, kóòdù yín ló kú, iṣẹ́ ń lọ ní tirẹ̀ lọ́dọ̀ AWS. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú fáìlì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohunkóhun. Ó sàn kí ẹ fúnra yín yàn án kí ẹ tó ránṣẹ́, AWS gbà bẹ́ẹ̀. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín, tí ẹ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dé ọ̀hún, nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ tún fi ránṣẹ́, kò ní bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

(Ẹ̀yin onífẹ̀ẹ́ Terraform, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí yín tí ẹ ń fi for ti bash sáré terraform apply ká fódà mẹ́wàá. Ti fódà tó kẹ́yìn nìkan ni bash yóò fi jíṣẹ́ fún yín bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó dúró níbi tí nǹkan ti bàjẹ́. Bí ìkẹta bá kùnà tí ìkẹwàá yege, “yege” ni ẹ ó rí.)

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí ni mo ń fi kóòdù wá kiri, ṣebí gbogbo rẹ̀ wà lójú console, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí i. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, àwa mẹ́fà la sì ní àṣẹ láti wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀ka wa nìyí. Nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ ìdánwò wa han àwọn olùkọ́, “Ṣé ó ṣiṣẹ́?” ni wọ́n máa ń bi wá. A ó tẹ bọ́tìnì, nǹkan á jáde, wọ́n á fún wa ní máàkì. Kò sẹ́ni tó ń bi wá pé, “Bí ìdajì rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ṣé wàá mọ̀?” Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa, nínú kọ́ọ̀sì cloud ti ọdún kẹrin, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé nǹkan kékeré lọ sí àkáǹtì mẹ́ta. Kí olùkọ́ yọ́ lọ yọ àṣẹ ìwọlé kúrò nínú ìkan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kóòdù akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ àkáǹtì tó kùnà àti ìdí rẹ̀, ó gba máàkì rẹ̀ pé. Bí ó bá ní gbogbo rẹ̀ ti yege, a jọ mọ ohun tó kàn.

Wọ́n á ní owó dà. AWS kì í gba owó lórí Organizations, kì í sì í gba owó lórí StackSets fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbé kalẹ̀ ni ẹ máa san owó rẹ̀. Ìṣòro gidi ni káàdì tó lè san dọ́là, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní. Ṣùgbọ́n káàdì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀ka tó: láti inú àkáǹtì àgbà kan ni a ti lè fi kóòdù dá àwọn tó kù sílẹ̀, tí bílì gbogbo wọn á sì padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, n kò tọrọ owó. Bí ẹ bá ráyè wá sí àpérò ẹ̀ka, ẹ má sọ ti ọjọ́ tí ẹ gba ìgbéga fún wa. Ẹ sọ ti ọjọ́ tí ẹ rò pé iṣẹ́ ti parí.

Kí n tó kúrò ní Yaba, a dá àṣẹ sínú àkáǹtì tuntun yẹn, a kó ohun tó wà nínú àpótí àtijọ́ kúrò, a pa á rẹ́, a sì tún iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú òdo. Kóòdù mi kọ ìlà 14 jáde, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Ẹ̀gbọ́n náà tún wọn kà. Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà, ibi kan wà tí wọ́n ti ní láti ṣàlàyé bí dátábéèsì ṣe ṣí sílẹ̀. Títí tí mo fi kó ẹrù mi ní ìparí oṣù kẹjọ, a kò tíì mọ ẹni tó ṣí i.